Ibi Tí Nolvia Ń Lọ ní Ọ̀sán Sátidé

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo mọ̀ pé ẹ máa bú Dunia. Ẹ bú u. Èmi náà ti bú u títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdí kí ẹ tó sọ òkúta lù ú, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ta sí mi láṣọ.

Dunia kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ká ní ìkà ni, à bá kàn ní ìkà ni, ká máa bá tiwa lọ.

Ilé iṣẹ́ adìyẹ ló kó wa jọ sí ìlú kékeré yìí, ní Kàrólínà ti Àríwá. Ará Olancho, ní Họ̀ndúrásì, ló pọ̀ jù nínú wa. Ilé onípáànù, irú èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọ́ wá, là ń gbé. Nolvia àti Adalid ọkọ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún Dunia, èmi wà ní òdìkejì. Dunia ló gbé Keidy, ọmọbìnrin Nolvia, síbi ìrìbọmi.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ síbi omi ti kúrò ní aládùúgbò. Bó bá jẹ́ obìnrin, komádíre rẹ ni. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, kompádíre. Ẹ ò gbọdọ̀ parọ́ fún ara yín. Ẹ ò gbọdọ̀ bá ara yín ṣe ìṣekúṣe. Ẹni tó bá sì gbé ọwọ́ sókè sí komádíre rẹ̀, àwọn àgbà wa ní ilẹ̀ ò ní gba òkú rẹ̀.

Nolvia ni ara rẹ̀ ò yá. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe inú rírun. Àwa kì í pè é ní àìsàn ọpọlọ, iṣan là ń pè é. "Iṣan ló ń dà á láàmú," bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Kì í rí oorun sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn gbàmù, á ta gìrì, òógùn á bò ó.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa kan lẹ́nu iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá yìnyín, Nolvia sì figbe ta. Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀, ọ̀bẹ tó fi ń gé apá adìyẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó gba ọ̀bẹ náà, ó ti la àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ẹran, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹran kọjá ò sì dúró.

Wọ́n rán ọwọ́ rẹ̀ fún un ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nílé, Adalid lù ú.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ẹ níṣẹ́ ni? Wèrè wo lò ń ṣe? Ta lo fẹ́ kó máa bọ́ ẹ?"

Ẹ̀ṣẹ́ ló ń fi lù ú níkùn, níbi tí aṣọ á ti bo ojú àpá. Dunia gbọ́ ọ láti inú ilé tirẹ̀. Ilé onípáànù, kí ni ẹnìkan fẹ́ ṣe níbẹ̀ tí ẹnìkejì ò ní gbọ́? Ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní tọkọtaya ni wọ́n, ta ló fẹ́ kó sí wọn láàárín?

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹyin wá.

"Jókòó," ó sọ fún Nolvia. "Ẹ̀rù ló wọ̀ ẹ́ lára. Àwọn tí ìyá mi fi ẹyin wò sàn nílé, ní Juticalpa, ò lóǹkà."

Ìṣojú mi ló ti ṣe é. Ó mú ẹyin tútù, ó fi ń pa á lára láti àtàrí lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń ka Baba Wa Tí Ń Bẹ ní Ọ̀run. Nígbà tó kan ikùn, Nolvia kérora. Dunia rí ara tó ti dúdú wìnnìwìnnì lábẹ́ aṣọ. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn náà ló fọ́ ẹyin náà sínú gíláàsì omi, ó gbé e sókè síbi fèrèsé. Funfun ẹyin náà na gbọọrọ nínú omi.

"Héè! Ọkùnrin ni mo rí yìí o," Dunia wí. "Ọkùnrin kan ló dúró gbọnrangandan síbẹ̀. Nolvia, ta ni?"

Ojú Nolvia yí padà. "Kò sí ẹnì kankan, komádíre."

"Ẹyin kì í parọ́."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin inú gíláàsì yẹn ti wọ Dunia lórí, kò sì jáde mọ́.

Kí ẹ̀yin mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀: Nolvia ò ní àlè. Nọ́ọ̀sì tó rán àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọmọ Puẹto Ríkò kan tó ń jẹ́ Migdalia, ló bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ yìí á jinná. Èyí tó wà nínú ńkọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o." Ó júwe yàrá kan fún un lẹ́yìn ilé ìkàwé ìlú, níbi tí àwọn obìnrin wa ti ń jókòó lọ́sàn-án Sátidé pẹ̀lú dókítà tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń sùn. Èmi ti ń lọ tẹ́lẹ̀, nítorí ohun tó ń ṣe èmi náà.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tá ò sọ fún Dunia. Ẹ̀yin ò gbọ́ ohun tó sọ níbi oúnjẹ ọ̀sán, lọ́jọ́ tí ẹnìkan ṣèèṣì dárúkọ irú dókítà bẹ́ẹ̀.

"Dókítà orí? Wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀! Ẹ lọ o, kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀, kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ yín, kí wọ́n wá dì yín bí ẹrù padà sí Tegucigalpa. Ilé ẹni la ti ń fọ aṣọ ìdọ̀tí ẹni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Nolvia ló pọ̀ jù.

Nítorí náà, irọ́ ló pa. Ó ní ilé ìfọṣọ lòun ń lọ ní Sátidé. Á gbé àpò aṣọ kọ́ èjìká, á fi Keidy sílẹ̀ fún Dunia, á lọ. Tó bá padà dé, ojú rẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ètè. Lọ́jọ́ kan, Dunia gbọ́ ọ tó ń kọrin nídìí àwo tó ń fọ̀. Látìgbà tí obìnrin yìí ti dé, ta ló gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dunia tú àpò aṣọ tí Nolvia gbé dé. Ó gbé ẹ̀wù kan símú. Òórùn òógùn àti ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ló gbọ́. Ẹ̀wù náà ò fojú kan omi.

"Nolvia, wá. Ilé ìfọṣọ wo ni wọn ò ti ní omi?"

Nolvia di ọwọ́ rẹ̀ mú. 

"Komádíre, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bi mí. Bí Adalid bá mọ̀, ó máa pa mí."

Dunia gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìjẹ́wọ́. Bóyá èmi náà ì bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn yẹn, "ó máa pa mí" ló yẹ kó gbọ́. Kò gbọ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ Dunia lára. Ọkọ tirẹ̀ ti bá obìnrin kan sá lọ sí Houston, obìnrin tí Dunia fúnra rẹ̀ gbà sílé nígbà tí kò níbi tó máa sùn. Láti ìgbà náà, bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àlè, ó ti gbà á gbọ́. Nígbà tó wá rí Nolvia tó wọ ọkọ̀ Don Anselmo, bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa, ní ìkóríta, tí wọ́n sì jọ lọ, ó fọwọ́ lu itan. Ó ní ọkùnrin inú gíláàsì òun nìyẹn! Anselmo tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn obìnrin lọ síbi ìpàdé wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní Dunia dúró díẹ̀ sí i ní ìkóríta yẹn, ì bá rí obìnrin mẹ́ta mìíràn tí wọ́n wọ ọkọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ó ti fi ìbínú yára wọlé lọ.

Ó gbìyànjú láti panu mọ́, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó pa á mọ́ títí Adalid fi wá.

Adalid mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ó bá a tún ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ṣe, ó nu ọwọ́, ó jókòó sórí àkàsọ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sunkún.

"Komádíre, ìyàwó mi ń lọ síbì kan. Mò ń rí i lójú rẹ̀. Tí mo bá bi í, á ní ìfọṣọ ni. Ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ mi síbi omi. Mo fi omi yẹn bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí n máa rìn kiri bí òmùgọ̀."

"Kompádíre, mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yín."

"Nígbà tí ọkọ yín ń bá obìnrin yẹn jáde, ẹ ṣáà rántí iye àwọn tó mọ̀. Ta ló sọ fún yín?"

Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ibẹ̀ ló ti mú un.

"Ẹ ò ní lù ú?" ó bi í.

"Èmi? Mo kàn fẹ́ rí ọkùnrin náà lójú ni."

Dunia sọ ọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ aṣọ tí kò rí omi, ó sọ ọ̀rọ̀ Anselmo, ó tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹyin. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ ìyẹn fún mi. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé Keidy fún aládùúgbò kan, ó bá Adalid wọ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ láti lọ fi ìkóríta náà hàn án.

Koríko ni Adalid ń gé fún àwọn òyìnbó. Àdá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń dún gbangan-gbangan ní gbogbo kòtò tí wọ́n bá bọ́ sí. Dunia gbọ́ ọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé irinṣẹ́ ọkùnrin náà ni.

Wọ́n tẹ̀ lé ọkọ̀ Anselmo láti òkèèrè. Wọ́n rí i tó gúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìkàwé. Adalid pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n dúró díẹ̀, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó sì fa àdá yọ.

"Kompádíre, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ó ti ń rìn lọ.

Ilẹ̀kùn yàrá wa ṣí sílẹ̀. Nolvia ló bẹ̀ wá pé ká má máa tì í. Dunia sáré ṣáájú, òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ibùsùn ló ń retí láti rí. Àga tí a tò yípo ló rí, àti ìkòkò kọfí, àti àwa obìnrin tó ń rí lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Anselmo ń tòògbé lórí àga ní igun yàrá. Nolvia dúró láàárín wa, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta.

"Àwọn mẹ́ta ni wọ́n," ó ń wí. "Wọ́n tì wá mọ́ ilé kan létí odò, ní Mẹ́síkò, kí a tó sọdá síbí. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, mo mọ̀ pé wọ́n ti dé nìyẹn. Mo ti sọdá odò, mo ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi, ilẹ̀kùn ṣì ń dún. Bí Adalid bá gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí wọn mọ́. Mo fẹ́ràn ọkọ mi. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

 Dunia yíjú padà, ó na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Kompádíre, ẹ padà. Kò sí ọkùnrin kankan níbí. Èmi ni mo ṣì í. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Adalid ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n kuku.

"Ọkùnrin mẹ́ta," ó wí.

"Wọ́n fipá bá a lò ni! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Ó sì dúró síbí tó ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ó ń sọ tèmi náà mọ́ ọn. Ká ní àlè ló ní, ìyẹn ì bá sàn. Kúrò lọ́nà."

"Mi ò kúrò. Mo fi omi ìrìbọmi Keidy bẹ̀ yín."

Èèkù àdá ló fi fọ́ ọ lẹ́nu.

Mo gbọ́ bí eyín ṣe ṣẹ́. Kompádíre gbá komádíre rẹ̀ lójú wa! Mo ti rí ọkùnrin tó gún ọkùnrin ní ọjà Olancho, mo ti rí òkú létí títì, irú èyí ni mi ò rí rí. Kò sẹ́ni tó lè mira. Nígbà yẹn gan-an ni Adalid bọ́ sáàárín wa.

"Nolvia!"

Nolvia yíjú padà, ó gbé ọwọ́ bo orí. Àdá bà á lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ méjì fò bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ tú sí mi láyà. Àdá tún gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká rẹ̀, ó wọ egungun, ó há. Adalid fi ẹsẹ̀ tẹ ìyàwó rẹ̀ láyà kó lè fà á yọ.

"Yéè! Ó ti pa á o!" ẹnìkan nínú wa figbe ta.

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ìkòkò kọfí. Mo da á sí i lójú bó ṣe ń hó. Ó bú bíi màlúù. Anselmo ti jí, ó gbé àga onírin, ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn, àga wó. Adalid fa àdá yọ, ó ń jù ú kiri láìríran, ó sì la itan Anselmo. Ìgbà náà ni Dunia, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣàà, fò mọ́ ọn lọ́rùn láti ẹ̀yìn. Ó fi eyín tó kù sí i lẹ́nu gé e létí jẹ, kò fi sílẹ̀.

"Ẹ mú ọwọ́ ẹ̀!" ó ń pariwo láàárín eyín. "Ẹ mú ọwọ́ ẹ̀!"

A mú un. Obìnrin tó ń ṣẹ́ apá adìyẹ kúrò lóríkèé láti àárọ̀ dalẹ́ ni wá, ọjọ́ wo la kò mọ ibi tí oríkèé wà? A yí apá rẹ̀ sẹ́yìn, ó dún pọ́, àdá bọ́. A ò dúró níbẹ̀. A fi ẹsẹ̀, a fi ìgò, a fi ẹsẹ̀ àga lù ú. Mi ò ní sọ fún yín pé mo kábàámọ̀ rẹ̀. Dókítà wa ló pariwo pé tí a ò bá dáwọ́ dúró, òkú méjì la máa gbé jáde.

Ọlọ́pàá dé. Àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú nínú wa ju àwọn tó ní lọ. Kò sí ẹni tó sá. A jókòó ti Nolvia, a fi aṣọ ìdọ̀tí tó gbé wá nínú àpò dí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé.

Kò kú. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ ò gbé ohunkóhun mọ́, kò sì lè mú ọ̀bẹ mọ́ láyé. Wọ́n ti Adalid mọ́lé, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pè láti Olancho, ó ń fi wá ré pé a ba ayé ọmọ òun jẹ́.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká wọlé rí Nolvia, Dunia tẹ̀ lé mi. Ẹnu rẹ̀ wú, ó ti pàdánù eyín iwájú mẹ́rin. Ó kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó dojú bolẹ̀, ó sì ń sunkún.

"Nolvia, dárí jì mí. Mo fi Màríà Mímọ́ búra, mi ò mọ̀. Mo rò pé ọkùnrin lo ní ni. Ká ní mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin, wọn ì báà gé ahọ́n mi, mi ò ní sọ ọ́."

Nolvia wò ó.  Oògùn ti mú ohùn rẹ̀ lọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ yékéyéké.

"Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni ńkọ́?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní, tó bá jẹ́ ọkùnrin ni mo lọ rí lóòótọ́, ṣé ó wá dáa kó fi àdá ṣá mi?"

  Dunia wò mí bí ẹni pé kí n bá òun dáhùn, mo sì gbé ojú mi sí ibòmíràn. Nọ́ọ̀sì kan ló wá gbé e dìde lórí ìkúnlẹ̀, nígbà tí Nolvia ti sùn lọ.